Èémí tí omi òkun gbé mì

Ẹ̀yin èèyàn mi, thread gígùn rèé o 🧵 Ẹ gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìtàn èémí ni mo fẹ́ sọ: èyí tí a ti mí síta, tí a rò pé ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ibo ló ń lọ gan-an? Ta ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń mú un? Kí ló sì dé tí bọ̀dá kan ní Ajao Estate níbí ń náwó lórí òkúta wẹ́wẹ́ funfun nítorí ẹja? Ẹ máa bá mi bọ̀. Orí òkun la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù May ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Jascon-4 wà lójú òkun níwájú Escravos, Ìpínlẹ̀ Delta. Ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ọkọ̀ ńlá elépo mú, kó má bàa yẹ̀ kúrò níbi tó ti ń gbé epo. Òkun ń ru. Ìgbì gbá a, ó dojú dé, ó sì rì lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Kúùkù wọn, Harrison Okene, ẹni ọdún 29, wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásìkò yẹn. Ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà lára rẹ̀.

Omi gbá a kiri nínú òkùnkùn títí ó fi bọ́ sí yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ há sí lókè. Ó fa pákó ara ògiri já, ó tò ó lórí mátírẹ́ẹ̀sì, ó gun orí rẹ̀ kí òtútù omi má bàa pa á. Ìgò Coke kan ló rí mu. Ó ń gbọ́ ìró àwọn ẹja tó wọlé sínú ọkọ̀ náà. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ méjì àbọ̀ o, nínú òkùnkùn, nísàlẹ̀ òkun!

Òkú ni wọ́n rán àwọn omùwẹ̀ ilé iṣẹ́ DCN lọ kó. Wọ́n ti rí mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn wá rí ọwọ́ kan nínú omi, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí i bí ẹni fẹ́ gbé òkú, àfi bí ọwọ́ yẹn ṣe dì í mú. Fídíò rẹ̀ jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì ní December ọdún yẹn. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti wò ó, nítorí kì í pẹ́ tí ẹnì kan ò tún ní gbé e jáde lórí TikTok pẹ̀lú orin tó ń ba èèyàn nínú jẹ́. Okene nìkan ló yè. Àwọn 11 yòókù ò yè é, mo sì fẹ́ ká rántí wọn, torí orúkọ ẹni tó yè la máa ń gbọ́.

Iṣẹ́ ìyanu ni, mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sùn: báwo ni èémí tirẹ̀ ò ṣe pa á?

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí èèyàn bá há sí ibi tó dí pa, oxygen ló máa tán tí á fi kú. Rárá o. Kí oxygen tó tán, nǹkan mìíràn á ti dé. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, carbon dioxide ò ju nǹkan bíi 0.04 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú èyí tí a ń mí síta, ó tó nǹkan bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún! Tẹ́ ẹ bá ń mí sínú àpótí kan náà ṣáá, ohun tí ẹ ti jù nù lẹ ó padà máa mí sínú. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, àyà á máa lù kìkì, èèyàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ, oòyì á kọ́ ọ, oorun á gbé e lọ. Oorun yẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn jí mọ́.

Nǹkan méjì ló gba Okene lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ní mítà 30, omi ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe wà lókè. Torí náà, yàrá kékeré yẹn gba afẹ́fẹ́ tó yẹ kó kún yàrá mẹ́rin. Èkejì ni omi òkun fúnra rẹ̀. Carbon dioxide fẹ́ràn omi, ó máa ń yọ́ sínú rẹ̀ bí iyọ̀. Gbogbo èyí tí Okene ń mí síta, òkun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mu nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì tó jókòó ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà sọ pé bó ṣe ń yí, tó ń ru omi yẹn sókè, ló túbọ̀ ń jẹ́ kí omi mu ún. Òkun tó pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tún ń fọ afẹ́fẹ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Ó kù díẹ̀ kí n dé ọ̀dọ̀ ẹja. Omi tó bá mu carbon dioxide, kíkan ló ń kan. Coke tí Okene mu yẹn, gáàsì inú rẹ̀ tó ń hó ṣùù, carbon dioxide náà ni, ó sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ta èèyàn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n fi ń wọn kíkan yìí ni pH. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, ní nǹkan bíi 2. Omi tí kò kan tí kò sì ta wà ní 7. Omi ọṣẹ àti omi eérú wà lókè lọ́hùn-ún. Omi òkun wà ní nǹkan bíi 8.1. Ẹ má fojú kékeré wo ẹsẹ kan lórí òṣùwọ̀n yìí o, torí ìlọ́po mẹ́wàá ni ẹsẹ kọ̀ọ̀kan.

Ó yá, ká padà sí Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wa. Bọ̀dá tí mo ní lọ́kàn ń sin ẹja òkun àti coral nínú táǹkì gíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀, ní Ajao Estate lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Mo lọ ya fídíò níbẹ̀ fún content mi. Ó mú mítà pH bọ omi lójú mi: 7.8. Àárọ̀ kùtù ni.

"Àbúrò, gbogbo nǹkan ni mo ti dà sínú omi yìí. Ó máa gòkè lọ́sàn-án, tó bá di òru á tún já wálẹ̀."

Mo wo pálọ̀ náà yíká. Mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ló wà nílẹ̀. AC kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà, pálọ̀ yẹn ló wà, torí náà ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn. Fèrèsé dí pa, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀fọn náà ò sì gbẹ́yìn.

"Bọ̀dá, èémí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni táǹkì yín ń mu o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kà á níbì kan, òun ò kàn gbà á gbọ́ ni. Ohun tó gba Okene là ló ń yọ bọ̀dá yìí lẹ́nu. Lọ́sàn-án, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó ń gbé nínú ara coral máa ń fi iná táǹkì ṣe oúnjẹ, wọ́n á mu carbon dioxide, pH á gòkè. Tí iná bá kú lóru, wọ́n dẹ́kun, gbogbo ohun tó wà nínú táǹkì á máa mí síta, àwọn ọmọ nílẹ̀ náà ń mí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Kí ló kan coral nínú kíkan? Ẹ ronú nípa iyùn. Iyùn ọrùn ọba, iyùn tí ìyàwó ń wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó: egungun coral ni, tí àwọn oníṣòwò Potogí ń kó bọ̀ láti Òkun Mẹditaréníà wá sí Bìní láyé àtijọ́. Láti inú omi ni coral ti ń kó ohun tó fi ń mọ egungun yẹn. Tí omi bá ń kan, iṣẹ́ ìmọlé yẹn á le fún un. Kì í kú lójijì. Kò kàn ní dàgbà bó ṣe yẹ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń gba carbon dioxide kúrò nínú afẹ́fẹ́? Ibí yìí ni ìtàn ti dùn mọ́ mi jù, torí ìyá alágbàlá aró lè bá wa dá sí i.

Ẹ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ bi àwọn aláró àtijọ́ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe omi tí wọ́n fi ń pọn aró. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, wọ́n á da omi sí i, omi á máa ro sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi yẹn máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń ta. Ẹlẹ́ṣẹ dúdú náà mọ̀ ọ́n. Àwọn Òyìnbó náà ń ro eérú bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò ni wọ́n ti ń gbẹ ẹ́, ìyẹn ló fi ń jẹ́ potash lọ́dọ̀ wọn: ìkòkò àti eérú.

Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé tí wọ́n bá po omi eérú pọ̀ mọ́ lime, á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó èèyàn lára. Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ ni mò ń pè ní lime níbí o, irú òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná ni. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Joseph Black, ló tú u. Ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1756. Ó ní afẹ́fẹ́ kan wà tó há sínú ẹfun. Iná ló ń lé e jáde. Lime tí wọ́n ti lé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ebi afẹ́fẹ́ yẹn ló ń pa á, á gba ti inú omi eérú, omi eérú náà á wá di aláìní, á di oníná. Black tún rí i pé tí èèyàn bá fẹ́ èémí sínú omi lime tó mọ́ gaara, á funfun bíi wàrà. Èémí wa ti pàdé lime, ó ti padà di ẹfun.

Gbogbo ìtàn tó kù wà nínú ife omi lime yẹn. Òun ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ohun kan wà tó lè mú èémí tí a mí síta, kó sì sọ ọ́ di òkúta.

Ní 1878, Henry Fleuss ní England rẹ okùn sínú omi potash oníná yẹn, ó kì í sínú àpò tí omùwẹ̀ gbé kọ́ ẹ̀yìn. Omùwẹ̀ á mí síta gba ara okùn, okùn á gbé carbon dioxide mì, oxygen inú ìgò á di àyè rẹ̀. Kò sí ọ̀pá afẹ́fẹ́ kankan tó so ó mọ́ òkè. Lọ́dún 1880, nígbà tí omi ya wọ ihò ojú irin tí wọ́n ń gbẹ́ sábẹ́ odò Severn, omùwẹ̀ kan, Alexander Lambert, gbé e wọ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn omi lọ ti ilẹ̀kùn irin. Ohun tí ìyá aláró ń ro nínú ìkòkò ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn ohun tó wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn. N ò purọ́.

Omi oníná ò rọrùn láti gbé kiri. Wọ́n wá pò ó gbẹ: lime tó ti mu omi ló pọ̀ jù, sódà oníná díẹ̀ péré, àti ọ̀rinrin. Wọ́n ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ bí èkúrú gbígbẹ. Soda lime nìyẹn. Ọ̀rinrin yẹn ṣe pàtàkì: inú rẹ̀ ni carbon dioxide á kọ́kọ́ yọ́ sí, sódà á gbá a mú, á fà á lé lime lọ́wọ́, á sì padà wá mú òmíràn. Bíi kọ̀ndọ́ Òṣòdì tó ń ti èrò wọ danfó, tí òun fúnra rẹ̀ ò jókòó. Ní 1924, Ralph Waters, dókítà ará Amẹ́ríkà, fi soda lime sínú agolo tí aláìsàn tó sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ń mí gbà, kí oògùn oorun olówó iyebíye má bàa máa ṣòfò. Títí dòní, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun ní ọsibítù ṣì ní ike òkúta funfun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Apollo 13 ńkọ́? Gbogbo yín lẹ mọ fíìmù yẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. April 1970, èèyàn mẹ́ta sá sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún èèyàn méjì. Agolo tó ń mú èémí nínú ọkọ̀ kékeré rí róbótó, èyí tó kù nínú ọkọ̀ ńlá ní igun mẹ́rin. Wọ́n fi ọ̀rá, páálí, ọ̀pá afẹ́fẹ́ àti gọ́ọ̀mù téèpù so wọ́n pọ̀. Mẹkáníìkì Ládípọ̀ ì bá ní, "Ẹ fi lẹ̀, a máa mànéèjì ẹ̀." Lithium hydroxide ni wọ́n lò, torí ó fúyẹ́ ju lime lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ká tún yà sọ́dọ̀ Okene díẹ̀. Wọn ò lè gbé e gòkè lọ́gán, torí afẹ́fẹ́ tí omi ti tẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bíi Coke tí wọ́n ṣí lójijì, á sì pa á. Nínú yàrá irin tó dí pa ni wọ́n ti rọra dín agbára tó ń tẹ ara rẹ̀ kù, fún nǹkan bí ọjọ́ méjì àbọ̀ mìíràn. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kò sí òkun lábẹ́ ẹsẹ̀ tó lè mu èémí. Soda lime ni wọ́n sábà máa ń fi fáànù fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun náà kọ́ iṣẹ́ omùwẹ̀, ó padà sínú omi. Èmi? Ẹ má bi mí.

Àwọn olùsin ẹja náà ti ń lo omi lime tipẹ́. Láti 1970s ni Peter Wilkens ti ń kọ́ àwọn èèyàn Yúróòpù pé kí wọ́n máa kán an sínú táǹkì coral. Omi lime Black gan-an ni. Ohun tí bọ̀dá mi ń lò báyìí yàtọ̀ díẹ̀. Táǹkì òkun máa ń ní ẹ̀rọ kan tó ń fa afẹ́fẹ́, tó ń fi í ṣe ìfófòó nínú omi kí ìdọ̀tí lè bá ìfófòó gòkè. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń bá omi pàdé níbẹ̀. Tí ti pálọ̀ bá ti kún fún èémí ọmọ mẹ́ta, ẹ̀rọ yẹn á kàn máa po èémí mọ́ omi ni. Ó wá so ike soda lime mọ́ ẹnu ọ̀pá tí ẹ̀rọ ń gbà fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó wọlé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní carbon dioxide mọ́, ó sì tún ń fa èyí tó wà nínú omi jáde. Mítà kúrò ní 7.8, ó ń sún mọ́ 8.1 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Kó tó náwó, mo ní kó dán nǹkan kan wò, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Bu omi táǹkì sínú ife, gbé e síta, fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré hó o fún wákàtí kan, kí o wá wọn pH. Tó bá gòkè, afẹ́fẹ́ inú ilé lẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá gòkè, ìṣòro wà nínú omi fúnra rẹ̀, soda lime ò lè ṣe é. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé, kó ṣí fèrèsé jàre. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kó òkúta yẹn, eruku rẹ̀ ò dáa fún ojú àti imú.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ẹja lọ, ẹ dúró kà á: soda lime KÌ Í mú èéfín jẹnẹrétọ̀. Carbon monoxide ló wà nínú ìyẹn, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í sì í ta èèyàn jí. Lime ò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ike kan wà tí ẹ lè gbé sí yàrá kẹ́ ẹ fi tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, ẹ sá fún un. Bọ̀dá náà ti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn lọ sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju ti coral lọ, ká sòótọ́.

Òkun ńlá ńkọ́? Ó ṣì ń ṣe fún gbogbo ayé ohun tó ṣe fún Okene. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin carbon dioxide tí à ń tú síta nídìí epo àti èédú ló ń mu lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ti bẹ̀rẹ̀, pH rẹ̀ ti já láti nǹkan bíi 8.2 sí 8.1. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí nọ́ńbà yẹn, mo ní "ṣé ìyẹn nìkan?" Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìlọ́po mẹ́wàá tí mo sọ: 0.1 yẹn túmọ̀ sí pé ásíìdì inú rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kò sì sẹ́ni tó lè so ike mọ́ ẹnu òkun.

Fún àwọn tó máa bi mí ní DM: bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń tán. Soda lime tó ní àwọ̀ nínú máa ń di àlùkò tó bá ti yó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, tí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, àlùkò yẹn lè ṣí, kó tún funfun bí ẹni pé tuntun ni, bẹ́ẹ̀ ó ti yó. Bọ̀dá mi ti fi máákà kọ déètì sára ike tirẹ̀.